Bàbá Ẹ́ńjìnnì àti Ọkọ̀ Tí Kò Fọhùn

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkùnrin yìí dá yín lóhùn, ẹ má pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ pè é ní Bàbá Ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó ra nǹkan tútù fún yín mu, ẹ fi oríkì kún un: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọkọ̀, Agbóhùn-mọ́tò-mọ-ọjọ́-orí-ẹ̀, Afojú-wo-báńpà-mọ-ẹni-tó-rọ-ọ́, Akọ̀wé-omi-tí-ń-sọ̀rọ̀-epo.

Oríkì tó kẹ́yìn yẹn, èmi ni mo fi jíǹkí rẹ̀, kò sì tíì yé e títí dòní pé èébú ni. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ omi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìwé ẹni tí omi rẹ̀ kò yọ ló ń lù lóǹtẹ̀. Àmọ́ tó bá ti bọ́ síta báyìí, tí etí rẹ̀ gbọ́ ohùn mọ́tò, ó ti di ẹlòmíràn nìyẹn.

Èmi ni onígbàjámọ̀ rẹ̀. Ìkóríta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ rọra. Ìdí tó fi yàn mí láàyò nìyẹn, kì í ṣe torí pé ọwọ́ mi dùn. Lọ́jọ́ Sátidé, yálà irun wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí, yóò wá jókòó sórí àga mi, yóò dijú, yóò sì na ọrùn sókè bí adìyẹ tó ń mu omi.

Ọkọ̀ kan á kọjá.

"Sílíńdà mẹ́rin," á ní. "Ẹni tó ni ín kì í pààrọ̀ ọ́ọ̀lì. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti ń bínú sí i nílé."

Ta ló fẹ́ sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lọ bi í léèrè? A ó kàn pariwo pé, "Ẹ̀yin nìkan, Bàbá Ẹ́ńjìnnì! Ẹ̀yin nìkan!" Oníbúrẹ́dì tó máa ń gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi á na búrẹ́dì kan sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohùn èyí náà wò, bóyá ó ti jinná."

Ṣé ẹ ń retí kí n sọ irú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní? Kò ní. Bí ẹ bá bi í, á gbọn ẹ̀wù rẹ̀ nù, á ní, "Wọn ò tíì ṣe èyí tó tó mi wọ̀." Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí iléeṣẹ́ omi ní. Ìyẹn, tí wọ́n bá ṣáná sí i ní àárọ̀, fèrèsé mi á máa gbọ̀n, àwọn ọmọ ọwọ́ ládùúgbò á sì figbe ta. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó ń jẹ́ ọkọ̀ ni ariwo.

Ó tún ní òwe. Ọlọ́run mi, ọkùnrin yìí ní òwe!

"Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ọkọ̀ tí kò bá bú ramúramù, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn síwájú ẹ̀."

Àgbà wo nìyẹn? Àwọn àgbà tí èmi mọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àgbá òfìfo ló ń dún woroworo. Ṣùgbọ́n oníbàárà ni ọba, mo gbé kílípà mi, mo ń gẹrun lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ẹni tó ní làákàyè nínú ilé yẹn fún yín. Nọ́ọ̀sì ni, ìyàwó rẹ̀. Agbẹ̀bí ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ mi bọ́ sí kí wọ́n tó bọ́ sí tèmi. Bí obìnrin bá ń rọbí nílé, tí wọ́n bá pè é, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ dúró de ọkọ̀ èrò. Láìpẹ́ yìí, ọkọ̀ kò tètè dé. Nígbà tí yóò fi débẹ̀, ọmọ ti jáde, bàbá ọmọ ló gbé e dání, ọmọ ń ké, bàbá ń ké. Kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́. Àmọ́ Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé, "Onígbàjámọ̀, ọjọ́ mìíràn lè má rí bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé owó tí òun ti ń fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ ni òun máa fi rà.

Ó sì ṣe bíi pé àwọn tó ń ṣe Àwòdì gbọ́.

Ẹ ti mọ Àwòdì. Ọkọ̀ tí kì í ṣe jíìpù, tí kì í ṣe káà lásán. Ó ga nílẹ̀ bíi jíìpù, inú rẹ̀ rọ̀ bíi ti káà. Ti àtijọ́ ló kún títì. Lọ́dún yìí ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n pa á láwọ̀ dà látòkè délẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wọ inú fóònù gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà. Ẹnu rẹ̀ tó kéré tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀ láti etí dé etí, eyín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì kún un. Iná iwájú ti tín-ín-rín. Lẹ́yìn, iná pupa kan ṣoṣo ló nà gbọọrọ láti ọ̀tún dé òsì.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún sún un mọ́jú.

"Ẹ wo ojú ọkọ̀!" ó ní. "Ojú ẹni tí wọ́n jí kí oorun ẹ̀ tó tó! Ẹ wo ẹnu, bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹni tó ya ẹ̀yìn yìí kò rí ẹ̀yìn rí láyé ẹ̀."

"Èmi fẹ́ràn ẹ̀," Oníbúrẹ́dì ní.

"Ìwọ? Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀yìn ọkọ̀?"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn tó bá ti gba páálí búrẹ́dì mi, ẹ̀yìn gidi ni."

Ó pa á tì. Ó kan ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ṣe: ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, ó kéré, ó ń ṣe jẹ́jẹ́, ọ̀kan ń lo bẹntiróòlù, ó tóbi, tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i wà nínú rẹ̀, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì ń mu epo bí ẹni tí wọ́n ń bá rà á, ẹ̀kẹta jẹ́ àdàlù, bẹntiróòlù àti bátìrì. Tó bá ń rọra lọ, bátìrì ló ń gbé e, ẹ ò ní gbọ́ ohùn kankan.

"Kò ní fọhùn kẹ̀?" Bàbá Ẹ́ńjìnnì dìde lórí àga mi, aṣọ ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ́ńjìnnì tí kò bá fọhùn, òkú ni. Ẹ lọ sin ín!"

Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì bá a. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà fúngbà díẹ̀, ó wá pè é lọ jẹun.

"Bàbá wọn, èyí tí kì í fọhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ o," ó ní. "Epo tó ń mu kò tó nǹkan. Tí mo bá sì dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń rọbí, àwọn ọmọ tó ń sùn nínú ilé ò ní jí."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìwọ mọ ọmọ, èmi mọ ọkọ̀. Ọmọ tó bá jáde tí kò ké, ẹ kì í gbá a nídìí ni?"

"A máa ń gbá a."

"Ọkọ̀ náà nìyẹn!"

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Àwọn kan wà tí wọn kì í ké púpọ̀," ó ní jẹ́jẹ́. "Ńṣe ni wọ́n máa ń wo ojú èèyàn. Àwọn yẹn ló máa ń gbọ́n jù."

Oníbúrẹ́dì fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Èmi yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Ẹ́ńjìnnì kọjá sí ilé ìtajà ọkọ̀ tó wà ní títì ńlá, èyí tí wọ́n fi dígí ṣe láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ó ní òun fẹ́ lọ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa ojú Àwòdì fún wọn. Máníjà ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tí ẹ̀rín rẹ̀ lè ta agbòjò fún èèyàn lójú oòrùn. Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé omi tútù fún un. Ó wá ní, "Ọ̀gá, irú yín gan-an la ti ń wá."

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú Àwòdì tuntun. Wọ́n ń wá ẹni tí àdúgbò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu kó wá sọ̀rọ̀. Aṣojú ni wọn yóò máa pè é. Wọn yóò ya àwòrán rẹ̀ gàgàrà, wọn yóò gbé e sí ìkóríta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: a kì í polówó ọjà tí a kò rà. Aṣojú gbọ́dọ̀ ní Àwòdì nílé, ẹlẹ́ńjìnnì ńlá sì ni, torí òun ni wọ́n fẹ́ tà jù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

"Onígbàjámọ̀, o tiẹ̀ ti wo ojú ọkọ̀ yìí dáadáa?"

"Ojú tí wọ́n jí kí oorun ẹ̀ tó tó?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Inú bí i ní ti gidi. "Ojú ẹni tó ń ronú nìyẹn! Wo ẹnu. Ẹnu ẹni tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yìn ńkọ́, sà?"

"Ẹni tó ya ẹ̀yìn yẹn, àfi kí wọ́n fi í jẹ oyè."

Ó wá jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè níwájú díńgí, ó ní kí n gẹ irùngbọ̀n òun kó rí bí iwájú Àwòdì.

Mo ní, "Báwo?"

Ó ní, "Bó ṣe wà nínú àwòrán."

Mo ti gẹ orí ọkọ ìyàwó, mo ti gẹ orí òkú, mi ò gẹ báńpà rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́. Mo fa ẹnu gbọọrọ kan yí àgbọ̀n rẹ̀ ká, mo fi abẹ la eyín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i, mo fa ìlà tín-ín-rín méjì gòkè lọ sí etí bí iná iwájú, mo wá dá igun mẹ́rin kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n níbi tó yẹ kí nọ́ńbà ọkọ̀ wà. Nígbà tí mo ṣe tán, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, omijé fẹ́ẹ̀ jáde lójú rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ náà dára.

Abẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó sọ ètò rẹ̀ fún mi.

"Ìyàwó mi ò ní gbà tí mo bá sọ ọ́ fún un nílé. Nílé, ẹnu ẹ̀ mú. Àmọ́ níta ńkọ́? Ṣé o ti gbọ́ ọ rí kó já ọ̀rọ̀ mi ní koro níta?"

Òótọ́ ni, mi ò gbọ́ ọ rí. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Nọ́ọ̀sì kì í dójú ti ọkọ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Sátidé, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, màá kéde pé ọkọ̀ tí mo bá jókòó sí ni ìyàwó mi fẹ́ rà. Ó bùṣe. Àwọn àgbà ní: obìnrin tó bá ti rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà, ó ti sanwó."

"Àgbà wo nìyẹn, sà?"

"Èmi."

Inú bí mi débi pé mo ní láti gbé abẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí Èṣù má baà lò mí. Òógùn agbẹ̀bí! Owó obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ èrò nínú òjò, kí wọ́n fi ra ọkọ̀ tí yóò máa mu owó oṣù rẹ̀ tán, nítorí kí irùngbọ̀n ẹnì kan lè wà lórí pátákó! Ìkóríta mi ni wọ́n sì fẹ́ gbé e sí. Ojoojúmọ́ ni màá máa wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Ó ń se àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nínú omi gbígbóná. Mo tú gbogbo rẹ̀ síta.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?" ó ní.

"Bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gan-an nìyẹn."

Mo rí i pé ó dùn ún.

"Onígbàjámọ̀, ẹ ṣé. Àmọ́ tí mo bá bá a jiyàn níta, ohun tí wọ́n máa sọ lọ́la ni pé Nọ́ọ̀sì gba ṣòkòtò lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀. Aláṣejù ni, àmọ́ ọkọ mi ni. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún un."

"Owó yín wá ńkọ́?"

"Ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́," ó ní, ó sì fi ìdérí bo ìkòkò. "Mo ti lọ wo ọkọ̀ náà o. Mo ti jókòó sínú ẹ̀. Pupa ni."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìbànújẹ́. Oníbàárà tí mo gẹ irun rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò padà wá mọ́.

Sátidé pé. Àwọn èèyàn pọ̀ níwájú ilé dígí náà bí èrò ọ̀run. Wọ́n ti gbé Àwòdì mẹ́ta síta, wọ́n sì ti ká aṣọ kúrò lórí wọn: funfun, ẹlẹ́ńjìnnì kékeré, wà lósì; dúdú, ẹlẹ́ńjìnnì ńlá, wà lọ́tùn-ún; àárín ni àdàlù wà, pupa fòò bí ata tó pọ́n. Ojú kan náà, ara kan náà. Lẹ́tà kékeré tó wà nídìí wọn ló fi ìyàtọ̀ hàn. Pupa ló sì wu àwọn ayàwòrán, gbogbo wọn ló kóra jọ síwájú rẹ̀.

Níwájú ọkọ̀ pupa yìí náà ni wọ́n gbé pátákó Aṣojú dúró sí kó lè hàn. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ló wà lórí rẹ̀, ó ga ju ara rẹ̀ lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán.

Mo gbọ́ Máníjà pẹ̀lú etí ara mi nígbà tó ń fi máìkì kékeré há a lọ́rùn ẹ̀wù: "Ọ̀gá, ẹ rántí, ti dúdú ni."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́."

Nọ́ọ̀sì wà ní ìlà iwájú. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan, ìwé báńkì wà nínú báàgì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn àgbà ní: ojú ọkọ̀ lọ̀rọ̀ wà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yin iná iwájú, ó yin táyà, ó yin ẹ̀yìn tí ó ti bú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sídìí ọkọ̀ dúdú.

Bó ṣe kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó wẹ̀yìn. Kò sí ayàwòrán kankan tó tẹ̀lé e. Gbogbo kámẹ́rà ṣì kọjú sí ti pupa.

Ó dúró. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ṣẹ́rí padà, ó gba ọ̀dọ̀ pupa lọ.

"Ọ̀gá!" Máníjà ń fi ẹ̀rín pariwo. "Ti dúdú, sà! Ti dúdú!"

"Máníjà, ṣé èmi lo fẹ́ fi ọkọ̀ hàn? Àwọ̀ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì." Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pupa pẹ́pẹ́. "Ẹ wo àyà! Àyà tó kún báyìí, ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í ka lẹ́tà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jẹ́rìí: ọkọ̀ tí mo fẹ́ jókòó sí yìí, òun gan-an, kì í ṣe òmíràn, ni ìyàwó mi fẹ́ rà lónìí! Mo ti sọ ọ́, kò sẹ́ni tó lè yí i padà!"

Àtẹ́wọ́ ro gbàà. Nọ́ọ̀sì la ẹnu. Ó wo ọkọ̀ pupa náà. Ó pa ẹnu dé.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì wọlé, ó tẹ bíréèkì, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná oríṣiríṣi tàn níwájú rẹ̀. Ohùn kò jáde. Ó tún un tẹ̀. Iná kú. Ó tún un tẹ̀. Iná tàn. Ohùn kò jáde. Látibi tí mo wà, mo rí òógùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ inú eyín tí mo fi abẹ là sí irùngbọ̀n rẹ̀.

Àánú Ọlọ́run, ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn wa, ó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Etí rẹ̀ bá a. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ gbọ́ ọ!" ó ké láti ojú fèrèsé. "Ohùn akọni! Sílíńdà mẹ́rin, tọ́bò ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí! Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa!"

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọmọlúàbí èèyàn, fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ dáadáa lóòótọ́. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohùn akọni dákẹ́ lójijì.

"Yé è!" Oníbúrẹ́dì ní. "Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá Ẹ́ńjìnnì yára gbé dígí ọkọ̀ sókè. Ó gbàgbé pé máìkì ṣì wà lọ́rùn òun. Máníjà ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó ki orí bọ̀ ọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ sì ń jáde nínú sípíkà sí wa létí.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ má yọ ẹsẹ̀ lórí—"

"Ó ti kú. Mo mọ òkú ẹ́ńjìnnì tí mo bá rí i."

"Kò kú, sà. Bátìrì ló—"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, wọ́n á gbọ́! Kí ló kàn ọ́? Mo ti kéde, ìyàwó mi ò lè kọ̀ níta. Ó ti kó sí i. Tó bá ti lè sanwó, kí ẹ́ńjìnnì jí, kó má jí, kí ni tèmi? Òun ló ń lọ gbẹ̀bí, kó máa tì í lọ. Àwòrán mi ṣáà máa wà ní ìkóríta."

Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó wo ọkọ̀ mọ́, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń wò. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí báàgì náà. Ojú gbà mí tì, bíi pé èmi ni mo sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n fa jíà síwájú, kí àwọn ayàwòrán lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí òkú kì í rìn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

Àwòdì pupa gbéra. Kò pariwo, kò sáré. Ó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ lọ kí àgbàlagbà. Máníjà fa orí rẹ̀ yọ ní kíá.

"Ta ló ń tì mí?" Ohùn Bàbá Ẹ́ńjìnnì jáde nínú sípíkà. "Ẹ má tì mí! Mo ní kí ẹ má tì mí!" Ó wo díńgí ẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan. "Ọlọ́run mi o! Àwọn wo ló ń tì mí?"

Àwọn èèyàn di ara wọn mú. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oníbúrẹ́dì ń fọwọ́ gbá itan, kò lè sọ̀rọ̀.

"Bíréèkì!" Máníjà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀gá, bíréèkì!"

"Bíréèkì fún kí ni? Òkú kì í sá!"

Gbì!

Pátákó Aṣojú ni. Ọkọ̀ náà kàn án ní orúnkún, ó sì dá ara rẹ̀ dúró, torí ọgbọ́n orí rẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ. Pátákó mì síwá, ó mì sẹ́yìn, ó wá dojú dé gbàgà sórí dígí iwájú. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ́ńjìnnì jókòó sínú, ó ń wo Bàbá Ẹ́ńjìnnì lójú kòrókòró, báńpà kọjú sí báńpà.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó rìn lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yọ máìkì lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, bàbá wọn."

"Ìyàwó mi, jẹ́ ká lọ sílé. A óò sọ ọ́ nílé."

"Níta lẹ ti sọ ọ́," ó ní. Ó yíjú sí gbogbo wa, máìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí. Èmi kì í já ọ̀rọ̀ ọkọ mi ní koro níta, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ní ọkọ̀ tí òun bá jókòó sí ni kí n rà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Máníjà, ẹ máa kó ìwé bọ̀. Ti pupa ni."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì tó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, tó tẹ̀ ba, tó ka lẹ́tà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í kà.

"Rárá!" ó ké. "Èyí kọ́! Ti dúdú ni mo—"

"Bàbá," Oníbúrẹ́dì ní, ó ṣì ń nu omijé, "ẹ bá wa gbé ẹnu dúró. Ẹ ti kéde."

Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Òwe gidi nìyẹn, ẹ lè bi àgbàkágbà tó bá wù yín.

Kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni ní ìkóríta mi. Ọkọ̀ nìkan ló wà lórí pátákó. Bàbá Ẹ́ńjìnnì wá lọ́jọ́ Ajé nígbà tí kò sí èrò, ó ní kí n fá irùngbọ̀n náà kanlẹ̀, mo sì fá báńpà, mo fá iná, mo fá nọ́ńbà. Láti ìgbà náà, tó bá ti yọ báyìí, mo máa ń pa kílípà. Oníbúrẹ́dì á pa ẹnu mọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́ rọ́rọ́ títí yóò fi jókòó. Bí a ṣe ń kí i nìyẹn. Ó máa ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé.

Ṣùgbọ́n ìwà ni oògùn tí kì í tán lára. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ti gẹ apá kan orí rẹ̀ dé àárín nígbà tó tún dijú, tó tún na ọrùn.

"Sílíńdà mẹ́ta nìyẹn," ó ní. "Mo gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò sí ọkọ̀ tó lè dé ẹ̀yìn mi kí etí mi má mọ̀. Àwọn àgbà ní—"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí gbogbo wa ń wo inú díńgí. Nọ́ọ̀sì ló dúró lẹ́yìn àga rẹ̀. Àwòdì pupa wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí èyí tó gbọ́ ọ nínú wa.

"Bàbá wọn, ẹ dìde, kí n já yín sílé lójú ọ̀nà mi," ó ní. "Ẹnì kan ń rọbí."

Bàbá Ẹ́ńjìnnì ta gìrì. "Ìgbà wo lo dé?"

"Ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ni."

Ó jáde pẹ̀lú irun apá kan. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, torí báàgì agbẹ̀bí ló wà níwájú. Nọ́ọ̀sì juwọ́ sí mi, ọkọ̀ náà sì yọ́ lọ. Láti ẹ̀yìn dígí, mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń nàka sí èyí, ó ń nàka sí tọ̀hún. A ò gbọ́ nǹkan kan.